Àlejò òwò nílé: Gẹ̀ẹ́sì wo ló bọ̀wọ̀ fúnni?

Alájàpá Kajú:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Òyìnbó méjì tó ń ra kajú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ wa ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé wa ní Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìyàwó mi máa lọ kí wọn ní Leeds ní Ìlú Ọba. Ohun tí wọ́n kọ sí wa rèé: “Do come round for supper on the Saturday, seven thirty for eight.” Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì kò yọ wá lẹ́nu. Ti ẹnu ọ̀nà àti ti ìdí oúnjẹ ni ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ bá wa dá sí: kí la ó sọ, kí la ò gbọdọ̀ sọ, kí ni wọ́n sì ní lọ́kàn tí wọ́n bá sọ tiwọn?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
Ẹ kú àpérò. Kí a tó máa to gbólóhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀wọ̀ fi ṣe ilé nínú èdè méjèèjì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń ṣàn wá. Ní Yorùbá, ọ̀wọ̀ wà nínú “ẹ” àti “wọ́n”. Ẹni tó sọ pé “ẹ bá mi gbé omi wá” ti bọ̀wọ̀ kó tó fi “ẹ jọ̀ọ́” kún un rárá. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ”. “You” kan náà ni fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti fún ọba. Nígbà tí a bá gbé gbólóhùn wa bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, “ẹ” a já bọ́ lójú ọ̀nà, àṣẹ ìhòòhò ló sì máa ń dé etí òyìnbó.

Ohun tí àwọn ní dípò “ẹ” ni “could”, “would” àti “might”, pẹ̀lú kí a sọ àṣẹ di ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé “please” nìkan tó. Kò tó. “Please bring me water” ṣì jẹ́ àṣẹ, bí ìgbà tí ọ̀gá ń rán ọmọ iṣẹ́. “Could I have some water, please?” ni ti àlejò. Ẹ wò ó dáadáa: ara ẹni la fi bẹ̀rẹ̀, “I”, a ò dárúkọ ẹni tó máa dìde lọ bu omi. “Please” sì wà ní ìparí.

Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn kó lè rọ̀. “I was wondering if I could charge my phone” kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, ìsinsìnyí ló ń sọ. Bákan náà ni “Did you want some more rice?” Ẹ má ṣe dáhùn pé ẹ ò tíì béèrè tẹ́lẹ̀.

Èyí tó máa ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù ni “would you mind”. Tí àlejò bá ní “Would you mind if I opened the window?”, ohun tó ń béèrè ni pé ṣé ó máa dùn yín. Ìdáhùn tó gbà á láyè ni “No, not at all.” Tí ẹ bá ní “Yes”, ẹ ti ní kó má ṣí i nìyẹn.

“Kindly” tí a fẹ́ràn nínú lẹ́tà ọ́fíìsì, ẹ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. “Kindly sit down” máa ń dún bí ìkìlọ̀ létí ará Ìlú Ọba. “Do sit down”, “Do have a seat” ló sún mọ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó”. “Do” yẹn ni agbára rẹ̀, òun náà ló wà nínú “Do come round” tí wọ́n kọ sí yín.

Ìyálájé Peckham:
Ẹ jẹ́ n mú ìwé ìpè yẹn. “Seven thirty for eight” túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ṣí láti aago méje ààbọ̀, ẹ ó mu nǹkan díẹ̀, ẹ ó tàkúrọ̀sọ, oúnjẹ á sì wà lórí tábìlì laago mẹ́jọ. Ẹ tẹ aago ẹnu ọ̀nà láàárín 7:30 sí 7:45. Ẹ má dé ṣáájú 7:30, onílé lè ṣì wà nílé ìwẹ̀. Tí ẹ bá tètè dé àdúgbò, ẹ rìn yíká. Tí ẹ bá sì kọjá aago mẹ́jọ, ẹran wọn ti ń gbẹ lórí iná nítorí yín. Bí ọkọ̀ ojú irin bá dá yín dúró, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ ti mọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí àkókò ti kọjá: “So sorry, we're running about twenty minutes late. Please do start without us.” Ẹ dárúkọ iye ìṣẹ́jú. “We are on our way” nìkan kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Leeds wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ń pe oúnjẹ alẹ́ ní “tea”, wọ́n sì ń pe ti ọ̀sán ní “dinner”. Tí ẹnìkan bá ní “come for your tea”, oúnjẹ gidi ló ń pè yín sí, ẹ má jẹun yó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ ò bá dá a mọ̀, ẹ béèrè pé “What time would you like us?” Wákàtí tí wọ́n bá dá ló máa tú u fún yín.

Èsì ìpè: “Thank you so much, we'd love to come. Is there anything we can bring?” Wọ́n á ní “Just yourselves.” Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ mú òdòdó, ṣokoléètì tàbí ìgò wáìnì kan dání. Ẹ kò gbọdọ̀ di kílíṣí tàbí wàrà láti ilé wá, torí òfin Ìlú Ọba kò gba kí arìnrìn-àjò kó ẹran àti wàrà wọlé láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

Wọ́n ka àwo ni. Ohun tó jẹ́ ọ̀yàyà lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn mú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan tẹ̀ lé e, ìdààmú ni níbẹ̀: ẹran tí wọ́n gé fún èèyàn mẹ́rin, mẹ́rin náà ni. Tí ó bá pọn dandan, ẹ béèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: “Would it be all right if we brought our daughter?” Kí ẹ sì ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ pé kò ṣe é ṣe.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: “You must come round some time” kì í ṣe ìpè. Kò ní ọjọ́, kò ní wákàtí. Ẹ ní “That would be lovely”, kí ẹ fi í síbẹ̀. Tí ọjọ́ bá wà nínú rẹ̀ nìkan ló di ìpè.

Alájàpá Kajú:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìṣòro kan rèé: ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ìyá àgbà, wọ́n á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n máa ń fi orúkọ àkọ́kọ́ wọn parí íméèlì. Ṣé ká máa pe ìyá bẹ́ẹ̀ lórúkọ?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
Ẹ ó pè wọ́n. Ẹni tó bá fi orúkọ àkọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà sí yín ti yọ̀ǹda rẹ̀ nìyẹn. Tí wọn kò bá tíì yọ̀ǹda, ẹ fi “Mrs” tàbí “Mr” síwájú orúkọ ìdílé títí wọ́n á fi sọ pé “Please, call me Margaret.” Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá ṣì ń pe “Mrs”, ó jọ pé ẹ ń ti ìfẹ́ wọn padà. “Ma” kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwọn. “Sir” sì ń mú ilé dà bí ilé ìtajà tàbí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. “Aunty” àti “Mummy” fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí yóò yà wọ́n lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé ahọ́n ìyàwó yín lè kọ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà: a lè kí èèyàn dáadáa láìdárúkọ kankan. “Good evening, how lovely to see you.” “Do come in.” “Can I get you anything?” A lè fi irú wọn lo gbogbo alẹ́. Ìkúnlẹ̀ díẹ̀ nílé yín ní Ìbàdàn kò burú rárá, ẹ kàn ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan: “That's how we greet our elders here.” Inú wọn á dùn.

Tí wọ́n bá ní “How are you?”, ìdáhùn kan ló wà: “Very well, thank you. And you?” Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa àìsàn. Kíkí ilé, kíkí ọ̀nà, kíkí ọmọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé kò sí níbẹ̀. “How was your journey?” kan tó.

Onítúmọ̀:
Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù nìyí o: àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi Yorùbá sọ. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà lẹ́nu wa, a sì gbọ́ ara wa yé ní Nàìjíríà, àmọ́ ohun mìíràn ni ará Leeds máa gbọ́.

“Ẹ káàbọ̀” kọ́ ni “You are welcome.” Ìdáhùn sí ọpẹ́ ni wọ́n mọ ìyẹn sí. Tí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àlejò á máa rò pé ṣé ó yẹ kí òun ti dúpẹ́ ni. Ẹ ní “Come in, come in, it's so good to see you.” “Ẹ kú iṣẹ́” kọ́ ni “Well done”, ọ̀rọ̀ tí tíṣà ń sọ fún ọmọ tó yege ni. Tí onílé bá ń sè é lọ́wọ́, ẹ ní “Something smells wonderful”, kí ẹ sì fi “Can I do anything to help?” tẹ̀ lé e. “Pẹ̀lẹ́” kọ́ ni “Sorry”. Tí àlejò bá fi ẹsẹ̀ kọ tí ẹ sì ní “Sorry”, á ní “Oh, it's not your fault”, torí ẹ̀bẹ̀ ló gbọ́. “Oh dear, are you all right?” ni pẹ̀lẹ́ tiwọn.

“Mò ń bọ̀”, tí a fi ń sọ pé a ń jáde ká sì padà: tí ẹ bá ní “I'm coming” tí ẹ wá kọ ẹ̀yìn sí wọn, kò ní yé wọn. “Excuse me, I'll be back in a minute.”

“By seven” nìyí, èyí léwu nínú òwò pàápàá. Lọ́dọ̀ wa, “come by seven” ni kó wá laago méje. Lọ́dọ̀ wọn, “by seven” ni kó tó di aago méje, wọ́n sì lè dé laago mẹ́fà ààbọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń gún iyán. Ẹ sọ “at seven”. “The driver will pick you” náà kò pé, “pick you up” ni. “Pick you” nìkan jọ pé ẹ ń ṣà wọ́n láti inú àwọn yòókù.

“You have added weight”: ìyìn ni lẹ́nu wa, pé ayé ń tọ́jú ẹni. Èébú gbáà ni lẹ́nu wọn. “You're looking well” ni kí ẹ sọ, ó kárí ohun gbogbo.

“Mineral” fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò: omi ni wọ́n máa gbé wá. “Soft drink” ni kí ẹ pè é. “Tea” lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa kárí kòkó mímu pẹ̀lú, tíì gan-an nìkan ni tiwọn, ìbéèrè “How do you take it?” sì ń béèrè iye ṣúgà àti mílíìkì: “Milk and two sugars, please.” “I want to ease myself” ti kúrò nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ ní “Could I use your loo?” “My junior brother” ni “my younger brother”. “Off the AC” ni “turn the air conditioning off”. “How was your night?” ni “Did you sleep well?” “You people”, kódà tí ẹ bá fi ìfẹ́ sọ ọ́, ó ń dún bí ìbáwí.

Ará Houston:
Tí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí fún Amẹ́ríkà, ẹ yí díẹ̀ padà. “Loo” kò yé wọn, “bathroom” ni. Ní ìhà gúúsù níbí, “sir” àti “ma'am” ṣì ń jáde lẹ́nu ọmọlúàbí, wọn ò ka á sí àjèjì. “Potluck” ni pé kí olúkúlùkù gbé oúnjẹ wá, ẹ má fi ọwọ́ òfo lọ. “Wash up” níbí ni kí a fọ ọwọ́ àti ojú, àmọ́ “washing-up” ní Ìlú Ọba ni fífọ àwo. “Quite good” níbí jẹ́ ìyìn tó dájú. Lẹ́nu ará Ìlú Ọba, ó lè jẹ́ pé ó ṣe é jẹ ṣáá.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
Òótọ́ lẹ sọ. Kí n fi kún un: tí ará Ìlú Ọba bá ní ọbẹ̀ yín “interesting”, ẹ má bù sí i fún un. Tí ó bá ní “not bad at all”, ó gbádùn rẹ̀ nìyẹn.

Alásè Bódìjà:
Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn mí. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sí wọn: “Is there anything you don't eat, or any allergies I should know about?” Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ẹ̀pà àti edé wà lára èròjà 14 tí òfin Ìlú Ọba ní dandan kí wọ́n kọ sára oúnjẹ títà, torí ó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Edé lílọ̀ sì wà nínú ẹ̀fọ́, nínú ẹ̀gúsí, nínú mọ́ínmọ́ín, kò sì hàn sójú. Ẹ sọ ọ́ jáde: “There's ground crayfish in this.” Tí wọ́n bá ní “I'm vegetarian”, ẹran àti ẹja kò wọ̀ ọ́, omi ẹran tí ẹ fi se ọbẹ̀ kò wọ̀ ọ́ bákan náà. “Vegan” tún yọ ẹyin, mílíìkì àti oyin kúrò.

Ata: ẹ ya ìkòkò ọbẹ̀ kan sọ́tọ̀. Ibi tí ẹ máa ń fi ata rodo mẹ́fà sí, ẹ fi ẹyọ kan, tàtàṣé ni kó gbé ìyókù. Ẹ má sọ pé “It is hot”, á rò pé gbígbóná iná ni, á fẹ́ ẹ, á sì gbé e sẹ́nu. “It's quite spicy” ló yẹ. “Pepper” lásán lọ́dọ̀ wọn ni ata ìyẹ̀fun dúdú orí tábìlì. Ata rodo ni “Scotch bonnet”.

“Soup” ní Ìlú Ọba ni ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí mu ṣáájú oúnjẹ gan-an. Tí ẹ bá ní “soup is ready”, ṣíbí ni wọ́n á máa wá. “Swallow” kì í ṣe orúkọ oúnjẹ níbẹ̀, ó kàn jẹ́ gbígbé mì. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: “This is pounded yam. You take a little with your fingers and dip it in the sauce. There's a fork if you'd prefer one.” Kí fọ́ọ̀kì ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó jókòó, kí ó má di pé ẹnìkan ń sáré wá a. Ọwọ́ fífọ̀: “Would you like to wash your hands? It's just through here.” “Assorted” kò túmọ̀ sí ẹran inú létí wọn. Ṣàkì ni “tripe”, pọ̀nmọ́ ni “cow skin”. Ẹ dárúkọ wọn kí wọ́n tó bù ú, kí ẹ sì fi “Please don't feel you have to” kún un.

“Please manage it”, tí a fi ń rẹ oúnjẹ wa sílẹ̀ bí ọmọlúàbí, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé kí wọ́n fara da oúnjẹ tí kò dára. “I hope you enjoy it” ti tó.

Omi inú ìgò ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí ẹ ṣí i lójú wọn. Tí iná bá lọ, “NEPA has taken light” kò ní yé wọn: “The power's gone off. The generator will be on in a moment.” Kí ẹ tó gbàdúrà: “We usually say grace before we eat, I hope you don't mind.” Àdúrà kúkúrú, torí wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n á la ojú.

Ìyálájé Peckham:
Alásè, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká tún mú ọ̀rọ̀ kíkọ̀ àti gbígbà, torí ebi ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa lórí tábìlì òyìnbó. Lọ́dọ̀ wa, àlejò á kọ́kọ́ kọ̀, onílé á rọ̀ ọ́, á tún kọ̀, wọ́n á tún rọ̀ ọ́, kó tó gbà. Níbẹ̀, “No, thank you” kan, òpin rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á gbé àwo lọ. “I'm fine” àti “I'm all right, thanks” náà, kíkọ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan náà: “Yes, please, that would be lovely.” Tí ẹ bá ti yó: “It was delicious, but I couldn't eat another thing.” Ẹ má sọ pé “I'm satisfied”, ó dún bí oníbàárà tó ń ṣe ìdájọ́ ọjà.

Ní tiyín, nígbà tí ẹ bá jẹ́ onílé: ẹ fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ẹ ní “Are you sure? There's plenty”, kí ẹ sì dúró. Rírọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta di ìfipámúni lójú wọn, pàápàá tí ẹ bá ń bu ẹran sínú àwo wọn láìbéèrè.

Tí ẹ kì í bá mu ọtí: “I don't drink, thank you. Something soft would be lovely.” Kò nílò àlàyé, kò nílò ẹ̀bẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ wo ẹsẹ̀ onílé, kí ẹ béèrè: “Shall I take my shoes off?” Lẹ́yìn oúnjẹ: “Can I give you a hand with the washing-up?” Wọ́n á ní “No, no, leave it.” Ẹ tún fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ jókòó. Ìbéèrè nípa iye tí wọ́n ra ilé, ọjọ́ orí wọn, tàbí ìdí tí ọmọ fi jẹ́ ẹyọ kan, kí ó má jáde rárá.

Àti ọ̀rọ̀ òwò: onílé ni kí ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí ó bá ní “Let's not talk shop” tàbí “Shall we pick that up on Monday?”, ó ti pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ẹ ní “Of course”, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Dídárúkọ iye owó tọ́ọ̀nù kajú lẹ́yìn ìyẹn máa ba alẹ́ náà jẹ́.

Amòfin:
Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò ni wọ́n, ẹ má gbàgbé. Òfin Bribery Act 2010 ti Ìlú Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù keje ọdún 2011, kan àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ aládàáni bákan náà, ó sì ń tẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ wọn dé òkèèrè. Kò ka oúnjẹ alẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì léèwọ̀. Àmọ́ nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ìlànà tiwọn: ẹ̀bùn tó bá kọjá iye kan, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kó dá a padà. Ìró aṣọ òkè olówó ńlá lè kó àlejò yín sí ìjọ̀ngbọ̀n ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ béèrè ṣáájú: “We'd like to give you a small gift from Ìbàdàn. Would that be all right with your company?” Ohun tí wọ́n lè pín jẹ ní ọ́fíìsì kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀.

Tí ó bá dáhùn pé “That's very kind, but I'm afraid I can't accept it”, kò sí ẹ̀rù kankan nínú “I'm afraid” yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rọ ọ̀rọ̀ kíkọ̀ ni. Ẹ ní “Of course, I quite understand”, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ láì rọ̀ ọ́ mọ́. Bí ẹ ṣe ń rọ̀ ọ́ sí i ni ọkàn rẹ̀ á máa kó sókè sí i.

Tí àwọn bá sì mú ẹ̀bùn wá fún yín, wọ́n ń retí pé kí ẹ tú u lójú wọn. Gbígbé e sí yàrá láìtú u, bí a ti mọ̀ ọ́n ṣe, á jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ. “Oh, how lovely, you shouldn't have!” Ìbáwí kọ́ ni “you shouldn't have”, ọpẹ́ ni. Tí wọ́n bá sọ ọ́ sí yín: “It's just a little something.”

Alájàpá Kajú:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Ó ku ìdágbére. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àkókò? Mo sì ti gbìyànjú lẹ́tà ọpẹ́ tí a ó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn Leeds, ẹ bá mi wò ó: “Dear Sir/Ma, We really appreciate you people for yesterday. The food was too sweet. Greet your children for us. Kindly confirm the date of the next shipment.”

Ìyálájé Peckham:
Àlejò ló ń kọ́kọ́ dìde. Tí kọfí bá ti tán, ẹ ní “Well, we really ought to be going.” Wọ́n á ní “Must you?” Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ẹ má padà jókòó. “It's been a lovely evening, but we've an early start.” Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí onílé bá ti ní “Shall I call you a taxi?” tàbí “Goodness, is that the time?”, ó ti ń sọ fún yín tìfẹ́tìfẹ́ pé oorun ń kun òun.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì:
Mo mú lẹ́tà yín. “Sir/Ma” á di orúkọ àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì. “Appreciate you people” á di “thank you both”. “Too sweet” ni kí ẹ kọ́kọ́ pa rẹ́: “dùn” tiwa kárí iyọ̀, ẹran, orin àti ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n “sweet” nípa oúnjẹ jẹ́ ti ṣúgà, “too” sì ti sọ ọ́ di ẹ̀sùn. “Delicious” ni. “Greet your children for us” dún bí iṣẹ́ tí a rán wọn, “Do give our love to the children” ló dùn létí. Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹ rí tàbí tí ẹ jẹ, kó má jọ lẹ́tà tí a kọ fún gbogbo ayé:

“Dear Margaret and David, Thank you both so much for Saturday evening. The lamb was delicious and it was lovely to see the garden. Do give our love to the children. We hope you'll come to us again when you're next in Ìbàdàn.”

Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, tí ó bá pẹ́ jù, kó jẹ́ Mọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ kajú tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ẹ kọ ọ́ sínú íméèlì mìíràn, lọ́jọ́ Tuesday.